Adìẹ Náà Ti Ń Rìn

                                                  Agbo-ilé Oníṣọ̀nà,
                                                  Ìlọ́fà,
                                                  Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                                  Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Asiat, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. O mọ̀ pé pámárì fáìfù ni mo bá ìwé dé, ọwọ́ òsì ni mo sì fi ń kọ èyí, nítorí náà ọ̀rọ̀ mi á máa falẹ̀. Fara balẹ̀ kà á. Ṣé àlàáfíà lo wà? Alameen ńkọ́, ṣé ó ti ń sáré kiri? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ọjà ń tà? Ṣé ara Màmá rẹ ti le? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Mi ò lè pè ọ́ lórí fóònù torí etí pọ̀ nílé yìí, kọ́tìnnì nìkan ló sì wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa. Qòsím tó ń wa bọ́ọ̀sì lọ sí Ìlọrin ló máa mú lẹ́tà yìí wá fún ọ.

O ti gbọ́ pé a ṣubú lórí ọ̀kadà lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ọkọ mi ló ń wà á. Òjò ti ba ọ̀nà Odò-Ọ̀wà jẹ́, táyà yọ̀ nínú ẹrẹ̀, mo sì fi èjìká ọ̀tún balẹ̀. Eegun tó dábùú láti ọrùn lọ sí èjìká ló kán. Òun kò fara pa rárá, bóyá ìyẹn ló fà á tí kò fi lè wo ojú mi dáadáa títí di òní.

Ìyá ọkọ mi ló mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun. Bàbá náà fi aṣọ gbé apá kọ́ mi lọ́rùn, ó fi òrí pa á. Lẹ́yìn náà ó dá ẹsẹ̀ adìẹ kan, ó to òun náà, ó so aṣọ pupa mọ́ ọn, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ó ní ọjọ́ tí adìẹ náà bá rìn, eegun tèmi náà ti jinná nìyẹn. A gbé adìẹ wálé. Gbogbo ilé ló ń tọ́jú rẹ̀ jù mí lọ. Tí wọ́n bá jí, ẹsẹ̀ adìẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò kí wọ́n tó dáhùn ìkíni mi.

Nígbà tó yá, adìẹ rìn. Inú gbogbo wọn dùn. Àsìkò iṣu tuntun ló sì bọ́ sí, nínú ilé yìí, ìyàwó tuntun ló gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gún iyán àkọ́kọ́ fún mọ̀lẹ́bí ọkọ. Èjìká ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n o mọ̀ mí, ojú máa ń tì mí láti sọ̀rọ̀. Ìyàwó ilé kan ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Adìẹ ti ń fo ògiri, ìyàwó wa ò tíì lè gbé ọmọ odó.” Ni mo bá gbé e. Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ ni nǹkan yẹ̀ ní èjìká mi, ó dún bí igi gbígbẹ. Mo gbé ọmọ odó kalẹ̀, mo jókòó.

Láti ọjọ́ náà ni ìka ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń kú. Bí mo bá fi kan omi gbígbóná, àfi bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Inú mi náà rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ohun tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín. Ẹ̀rín náà kò tilẹ̀ wá.

Ọkọ mi gbé mi lọ sí ọsibítù kan ní Ìlọrin. Má bínú pé a ò yà sọ́dọ̀ rẹ, ọjọ́ náà la padà. Wọ́n ya fọ́tò eegun náà, orí méjèèjì ti gun ara wọn, ọ̀kan ń ti awọ. Dókítà ní tí a bá fi sílẹ̀ ó lè jinná fúnra rẹ̀, àmọ́ á kúrú, á sì wọ́. Tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ kan dè é. Ìyẹn náà léwu tirẹ̀, ojú egbò lè kẹ̀. Ó ní nítorí ìka tó ń kú yẹn, iṣẹ́ abẹ lòun máa yàn. Ọkọ mi ní òun á kọ́kọ́ bi ìyá òun. Dókítà wá yíjú sí mi, ó ní, “Ìyàwó, ìwọ ńkọ́? Ìwọ lo ni èjìká.” Mo wo ilẹ̀. Ó ní kí a padà wá ní Túsìdeè, kó má pẹ́ jù.

Ìyá ọkọ mi ò gbà. Wọn kì í ṣe ìkà, àwọn ló ń wẹ̀ mí láàárọ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ tí ìyá ẹ̀ fi lé mi lọ́wọ́ láìlábùkù, ṣé irin ni kí n jẹ́ kí wọ́n fi sí i lára? Adìẹ ṣáà ti rìn.” Bàbá tó to eegun ránṣẹ́ pé oríkèé ló ń ṣọ̀lẹ. Ọkọ mi jókòó, ó ń já etí ẹní. Nígbà tó ku àwa méjì, ó ní, “Ohun tí o bá sọ ni màá ṣe. Àmọ́ o gbọ́dọ̀ sọ ọ́.” Maṣíìnì ìránṣọ tó rà fún mi wà ní igun yàrá, ó fi aṣọ bò ó. Ìwọ náà mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún la fi ń yí i.

Lánàá, mo da àgbàdo sílẹ̀ fún àwọn adìẹ. Aláṣọ-pupa náà jáde. Ó ń rìn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ń tiro, Asiat. Ẹsẹ̀ náà jinná sí ẹ̀gbẹ́. Ó rìn díẹ̀, ó jókòó, ó tún dìde. Kó tó dé ibẹ̀, àwọn yòókù ti ṣa àgbàdo tán. Gbogbo wa la ti ń wò ó bóyá ó ń rìn, kò sẹ́ni tó wo bó ṣe ń rìn. Mo bu òmíràn fún un.

Mo fẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ná, bóyá ẹnu mi á lè sọ ọ́. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, jọ̀wọ́, bá mi wá ibi kékeré nínú yàrá rẹ tí màá sùn sí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kí n tó padà sílé. Apá méjèèjì ni mo fẹ́ fi gbé ọmọ mi lọ́jọ́ kan.

Bá mi kí ọkọ rẹ, bá mi kí Màmá, fẹnu ko Alameen lẹ́nu fún mi. Mo tètè kọ orúkọ mi sílẹ̀ báyìí, torí wọ́n lè pè mí nígbàkígbà.

                                                  Èmi ni ti ìwọ ọ̀rẹ́ mi nígbà gbogbo,
                                                  Munawwarah.

Ààyè ṣì kù nísàlẹ̀. Ìyá ọkọ mi ti dé láti oko, mò ń gbọ́ tí wọ́n ń bi adìẹ náà bóyá ó ti jẹun. Ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ń pè mí, “Ìyàwó mi, wá.” Mò ń lọ. Tí mo bá dé ibẹ̀, màá kúnlẹ̀, màá sì ní, Màámi, adìẹ ti rìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi—