Èrò Tó Wà Lápá Ọ̀tún

                                                  Ilé Onífọ́tò,
                                                  Òpópónà Ẹ̀yìn Gbọ̀ngàn,
                                                  Ọjọ́bọ̀, ọ̀sán gangan.

Ìkejì mi àtàtà,

“Gbé ẹnu ẹ dákẹ́! Tí mo bá tún gbọ́ ọ̀rọ̀ alápá kíkán yẹn lẹ́nu ẹ, wàá kó ẹrù ẹ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yìí, ojú títì ni wàá ti lọ máa ya fọ́tò ewúrẹ́.”

Bàbá mi ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ sí mi, kò tíì pẹ́ rárá. Bó ṣe jáde lẹ́nu wọn ni mo ṣe kọ ọ́ yẹn, mi ò bù mọ́ ọn, mi ò yọ níbẹ̀. Wọ́n ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ níwájú, èmi ti sá wọ yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fọ́tò, mo ti ilẹ̀kùn, mo tan gílóòbù pupa, mo fa pépà yọ. Tí ìwé mi bá rí wúruwùru, má bínú, iná yìí kò ṣe é kọ̀wé.

Jẹ́ kí n kí ọ ná, kí o má baà sọ pé bí mo ṣe fi ilé ìwé sílẹ̀ ni mo fi ẹ̀kọ́ ilé sílẹ̀. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ikọ́ yẹn ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu? Àbúrò rẹ tó máa ń jẹ ṣọ́ọ̀kì ńkọ́, ṣé ó ti jáwọ́, àbí pátákó ló kù tó ń jẹ? Àwọn olùkọ́ yín ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń kígbe? Tí wọ́n bá ń kígbe, kí wọ́n wá gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ bàbá mi. Ara tèmi le. Ọkàn ni kò le. Inú ń bí mi débi pé mo lè bu igi jẹ.

Ọ̀rọ̀ náà lọ báyìí. O mọ̀ pé bàbá àgbà mi ni wọ́n máa ń ya fọ́tò gbogbo eré orin tí wọ́n bá ṣe ní gbọ̀ngàn iwájú wa, kí bàbá mi tó jogún ẹ̀rọ wọn àti ìbínú wọn. Akọ̀wé gbọ̀ngàn, obìnrin kan tó ń so gíláàsì ojú kọ́ ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀, wá bá wa pé wọ́n fẹ́ gbé àwọn fọ́tò àtijọ́ wọ̀nyẹn kọ́ sára ògiri, kí àwọn èèyàn wá máa wò ó. Kì í ṣe àwọn olórin nìkan ló fẹ́. Ó fẹ́ àwọn tó wá gbọ́ orin pẹ̀lú. Èmi ni Bàbá ní kí n máa yẹ fíìmù wò, torí ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n, ojú wọn náà sì ti ń ṣe kùrukùru.

Ìkejì mi, mo gbádùn iṣẹ́ yẹn. Kò sí nǹkan kan nínú fọ́tò olórin: ẹnu ṣíṣí, ọwọ́ nínà, ó parí. Àmọ́ àwọn tó jókòó! Bàbá àgbà a máa kọ ẹ̀yìn sí pèpéle, wọ́n á dojú ẹ̀rọ kọ èrò ìwòran. Tó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n á kan fọ́tò wọn mọ́ pátákó níwájú ṣọ́ọ̀bù, kálukú á máa wá ojú ara rẹ̀ kiri níbẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó sùn lọ, tó la ẹnu sílẹ̀, nígbà tí wọ́n ń fọn fèrè lẹ́bàá etí rẹ̀. Obìnrin kan ń fi áńkáṣíìfù nu omijé, ọkọ rẹ̀ ń wo aago. Àwọn méjì kan kò tilẹ̀ mọ̀ pé orin ń lọ, bàtà ẹni tó jókòó níwájú wọn ni wọ́n ń wò, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ gbé e mì. Mo ń rẹ́rìn-ín lémi nìkan bí wèrè. Akọ̀wé náà gbọ́ ọ, ó yọjú, mo fi gbogbo rẹ̀ hàn án. Ó ní, “Ojú ẹ mú o, ọmọ yìí. A ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó àwọn fọ́tò wa ní gbọ̀ngàn. Jẹ́ ká parí èyí ná.”

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń fọ abọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pariwo lé mi lórí. Mò ń rò ó pé màá ní tábìlì tèmi, kọ́kọ́rọ́ tèmi, yàrá tí iná rẹ̀ kì í ṣe pupa.

Ó wá kan fọ́tò ẹ̀gbọ́n Bàbá. O rántí wọn, àwọn tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ohùn-Iyọ̀. Àwọn náà kọrin ní gbọ̀ngàn yẹn rí, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí àìsàn ọ̀fun tó gba ohùn náà lọ́wọ́ wọn. Èyí tó kù báyìí, àfi bí ìgbà tí wọ́n bá ń wọ́ àpótí lórí sìmẹ́ńtì. Fọ́tò ọjọ́ yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Èrò kún gbọ̀ngàn láti òsì dé ọ̀tún, òpó ńlá kan wà láàárín. Kò sí àlejò tó wọ ilé wa tí wọn kò fi hàn. Ẹni tó wá ka mítà iná pàápàá ti rí i. Akọ̀wé náà rí i, ó ní èyí gbọ́dọ̀ tóbi bí ilẹ̀kùn, ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ni yóò wà, Ohùn-Iyọ̀ fúnra wọn yóò sì dúró tì í lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí ibẹ̀.

Mo wá fíìmù rẹ̀ kàn. Méjì ni mo bá. Apá òsì gbọ̀ngàn wà lórí ọ̀kan, apá ọ̀tún wà lórí èkejì. Mo bi Bàbá léèrè, wọ́n ní gbọ̀ngàn ló fẹ̀ ju ojú ẹ̀rọ lọ, ni Bàbá àgbà fi yà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fi páálí bo ìdajì pépà, wọ́n fọ apá kan, wọ́n sún páálí náà, wọ́n fọ apá kejì, wọ́n jẹ́ kí òpó bo ibi tí méjèèjì ti pàdé. Mo ní ó dáa, ọgbọ́n ni.

Àárọ̀ yìí ni mo wá fi awò Bàbá wò ó, awò tó ń sọ èèrà di eku yẹn. Ọkùnrin kan wà lápá òsì tó fi aṣọ gbé apá kọ́ ọrùn, báńdéèjì funfun dé ìgbọ̀nwọ́. Mo kọjá sí apá ọ̀tún. Ọkùnrin kan náà, apá kan náà, báńdéèjì kan náà. Fìlà nìkan ló yàtọ̀. Mo ní bóyá ìbejì ni. Ṣé ìbejì náà á tún jọ kán lápá ni? Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kóòtù onílà tó wà lọ́rùn ẹni tó sanra lápá òsì, ẹni tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló wọ̀ ọ́ lápá ọ̀tún, ó rì sínú rẹ̀. Gíláàsì ojú obìnrin kan ti dé ojú ẹlòmíì, onítọ̀hún ń ṣẹ́jú bí ẹni tí ọṣẹ wọ̀ lójú. Ìyá àgbà mi náà wà níbẹ̀, ìyá tó bí Bàbá àti Ohùn-Iyọ̀. Lápá òsì, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán bí ìṣe wọn. Lápá ọ̀tún, fìlà ọkùnrin ni wọ́n dé, wọ́n fà á wálẹ̀ dé ìpéǹpéjú, wọ́n sì tún fọwọ́ lẹ́rán.

Gbọ̀ngàn yẹn kò kún, Ìkejì mi. Ìdajì ni èèyàn inú rẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé nígbà tí Ohùn-Iyọ̀ wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ ni Bàbá àgbà ya apá òsì tí wọ́n jókòó sí, wọ́n ní kí gbogbo wọn dìde, kí wọ́n pààrọ̀ fìlà àti kóòtù, kí wọ́n lọ jókòó sí apá ọ̀tún, wọ́n tún yà wọ́n. Kò sẹ́ni tó rántí pé apá kíkán kì í ṣe ohun tí à ń pààrọ̀. Ohùn-Iyọ̀ kò sì lè mọ̀ lórí pèpéle, torí iná ti bo ojú wọn. Ẹni tó wà nínú iná kì í rí ẹni tó wà nínú òkùnkùn.

O mọ̀ mí, nǹkan kì í dúró sí mi níkùn. Mo sáré jáde. Akọ̀wé náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú Bàbá. Mo ní, “Ẹ wá wo nǹkan. Èrò yìí ò kún o, àwọn kan náà ni wọ́n yà lẹ́ẹ̀mejì.”

Bàbá ní, “Irọ́ ni.”

“Ẹ fi awò yìí wò ó, Bàbá. Alápá kíkán nìyí, òun náà tún nìyí.”

“Òkùnkùn ti ba ojú ẹ jẹ́.”

“Ẹ ṣáà wò ó.”

Èyí tí wọ́n sọ tẹ̀ lé e ni mo kọ sókè yẹn. Akọ̀wé náà na ọwọ́ kó gba awò, Bàbá ti jù ú sápò. Obìnrin yẹn wò mí bí ẹni tó ra bàtà tuntun tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ṣí lójú ọ̀nà. Ó ní, “Mo rò pé ojú ẹ mú ni. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ̀ngàn yẹn, jẹ́ ká ṣì fi í sílẹ̀ ná.” Ó bá tirẹ̀ lọ. Bàbá kò sọ nǹkan míì ju pé, “Fọ̀ ọ́ bó ṣe wà. Bí ilẹ̀kùn ni wọ́n ní.”

Bá mi rò ó. Ẹni tí kò wo nǹkan, báwo ló ṣe mọ̀ pé irọ́ ni? Bàbá mọ̀. Àwọn ni wọ́n ń bá bàbá wọn gbé iná nígbà yẹn. Wọ́n mọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí n di elékèé lójú àlejò. Ó wá pa mí lẹ́rìn-ín pé wọn kò ronú dé ibi kan. Lórí fọ́tò kékeré, kò sẹ́ni tó lè rí i. Tó bá fi máa tóbi bí ilẹ̀kùn, báńdéèjì yẹn á tó orí mi. Gbogbo ayé ni yóò rí i. Mi ò tilẹ̀ ní la ẹnu. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ni yóò wá bẹ̀ mí, màá sì jẹ́ kó bẹ̀ mí pẹ́.

Wọ́n ń kanlẹ̀kùn. Dúró ná.

Mo ti dé. Ohùn-Iyọ̀ ni wọ́n kanlẹ̀kùn, wọ́n ní kí n wá bá àwọn yẹ bàtà wò. Mo tẹ̀ lé wọn dé yàrá wọn. Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń fi àkísà nu bàtà aláwọ̀ wáìnì tí wọn kò wọ̀ láti ìgbà tí mo ti dáyé.

“Kí lo ṣe fún bàbá ẹ tó ń ké bí ajá tí wọ́n tẹ̀ nírù?”

Mo ní kò sí nǹkan.

“Ó ti ń ké bẹ́ẹ̀ láti kékeré, má dá a lóhùn.” Wọ́n na ọwọ́ mú fọ́tò wọn. “Ṣé ibí yìí á hàn dáadáa nínú ńlá tí ò ń ṣe yẹn?”

Mo ní gbogbo rẹ̀ ni yóò hàn.

“Apá òsì kọ́ ni mò ń sọ o. Ará ilé ló kún apá òsì. Ìyá mi nìyí. Gbẹ́nàgbẹ́nà ẹ̀yìnkùlé wa nìyí, tó já bọ́ lórí òrùlé. Àwọn yìí, tí mo bá wúkọ́ lásán, wọ́n á pàtẹ́wọ́.” Wọ́n fi ìka kọjá òpó. “Àwọn ará ibí yìí ni mò ń wí. Mi ò mọ ẹyọ kan nínú wọn. Wọn ò bá mi tan, wọn ò jẹ mí ní gbèsè, wọ́n sì dìde nílé wọn wá gbọ́ mi. Nígbà tí ohùn lọ, tí mo bá fẹ́ sunkún, àwọn ni màá wò. Màá ní, àlejò ti gbọ́ mi rí.”

Orí ìyá tó bí wọn lọ́mọ ni ìka wọn wà, Ìkejì mi.

“Kí ló dé tó o ń wò mí bẹ́ẹ̀?”

Mo ní bàtà wọn ló ń dán.

“Á dán dandan. Ṣé mo lè wọ bàtà jákujàku dúró ti àwọn àlejò mi ni?”

Bí mo ṣe padà síbí nìyẹn. Má rò pé inú mi ti rọ̀ o. Inú ń bí mi sí Bàbá, ó ń bí mi sí akọ̀wé, ó ń bí mi sí Bàbá àgbà nínú ibojì wọn, irú ìfẹ́ wo nìyẹn? Ó tilẹ̀ ń bí mi sí gbẹ́nàgbẹ́nà, kí ló gbé e gorí òrùlé lọ́sẹ̀ tí èèyàn fẹ́ kọrin? Òótọ́ ni mo sọ, òótọ́ yẹn nìkan ló sì lè gba tábìlì mi padà fún mi. Tí mo bá fọ̀ ọ́ bó ṣe wà, bí Bàbá ṣe wí, Ohùn-Iyọ̀ á dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà dídán, wọ́n á bá ìyá wọn lábẹ́ fìlà ẹni ẹlẹ́ni.

Bá mi kí ìyá rẹ, sọ fún wọn pé kí wọ́n máa fi omi gbígbóná ra orúnkún náà. Kí àbúrò rẹ, kí o sì tọ́jú ṣọ́ọ̀kì. Bá mi kí ọ̀rẹ́ wa ẹlẹ́rìn-ín àrínjù, tó bá ṣì ń bá ọ sọ̀rọ̀. Kọ̀wé sí mi, kó gùn, má fi ìlà méjì tó dà bí èèpo ránṣẹ́ bíi ti ọjọ́sí.

Mo ti pinnu nǹkan kan. Mi ò ní sọ ọ́ fún Bàbá, mi ò ní sọ ọ́ fún akọ̀wé, Ohùn-Iyọ̀ kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi láéláé. Ìwọ náà, kíkọ ni mo kọ ọ́ sí ọ, mi ò sọ ọ́, nítorí náà o kò gbọ́ nǹkan kan. Tí fọ́tò ńlá yẹn bá ti gbẹ, màá mú pẹ́ńsù àti búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tí a fi ń tún ojú fọ́tò ṣe, màá bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ òpó. Màá tú báńdéèjì gbẹ́nàgbẹ́nà. Màá fún ẹnì kan ní irùngbọ̀n, màá fá ti ẹlòmíì. Ìyá àgbà mi, kí wọ́n má bínú, màá gba ọwọ́ kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn, màá fún wọn ní imú tí kò sí ní ìdílé wa. Akọ̀wé yóò dúró wò ó títí, kò ní rí nǹkan kan, elékèé ni màá sì jẹ́ lójú rẹ̀. Kó gbé tábìlì rẹ̀ fún ẹni tó bá wù ú. Kí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn yẹn tó ṣí, gbogbo àwọn tó wà lápá ọ̀tún á ti di àlejò.

                                                  Èmi náà ni, tìrẹ títí,
                                                  Ìkejì rẹ.