Àmì Kékeré Tó Wà Lábẹ́ Ọ

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Ẹ̀rù ń bà mí pé Afárá, ọmọ mi obìnrin, máa fẹjọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sùn níbi iṣẹ́, kí wọ́n sì gba oyè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù tún ń bà mí pé kò ní fẹjọ́ sùn, á kàn dì í sínú títí láé. Èwo ló sàn nínú méjèèjì, mi ò mọ̀. Apá ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà ni mo rán mọ́ ibi ọrùn lónìí.

Mo bí mẹ́ta. Dókítà ni gbogbo wọn, kò sì sí ìkankan tó lè wo orí fífọ́. Àkọ́bí ń kọ́ nípa èèrà — Èèrà ni mo ń pè é nínú ìwé yìí. Obìnrin tó tẹ̀ lé e ń wá ibi tí afárá ti ń sán — òun ni Afárá. Àbíkẹ́yìn ń kọ́ nípa oorun. Òun fúnra rẹ̀ kì í sùn. Orúkọ ìdílé kan náà, lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ tó jọra. Ibẹ̀ ni wàhálà ti wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kẹta

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bí Oorun ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lórí fóònù. Ojú ìwé kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń ka iṣẹ́ àwọn onímọ̀. Orúkọ ìdílé àti lẹ́tà kan ló ń wò. Ó wo ilé wa, ó rí O, ó rí Ọ, ó tún rí O — àmì abẹ́ ò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ lé ẹnì kan lórí. Ó wá di pé ọkùnrin kan wà láyé tó mọ bí èèrà ṣe ń pín oúnjẹ, tó mọ ìdí tó fi ń rẹ irin afárá, tó tún mọ ìdí tí àwọn nọ́ọ̀sì kì í fi í rí oorun sùn.

Yunifásítì Èèrà yọ̀. Wọ́n ní ọpọlọ rẹ̀ gbòòrò. Wọ́n fi í jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọmọ tí mo máa ń so ìgò omi mọ́ lọ́rùn kó má baà gbàgbé rẹ̀ síléèwé.

Ó mọ̀. Kò sọ̀rọ̀. "Wọn ò bi mí, Màámi," ló sọ fún mi.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹta

Afárá pè. Kò sunkún, ìyẹn gan-an ló já mi láyà. Ó wá iṣẹ́ lọ, àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀ ní ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló ni iṣẹ́ tó kó wá. "Màámi, wọ́n ní mo jí iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi tí kò lè fa ìlà kó tọ́." Mo ní kó ṣe sùúrù. Ó ní sùúrù náà ti ń lọ sórúkọ Èèrà báyìí. Ó ti dí fóònù rẹ̀ mọ́ ọn. Tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá pè, kì í dún.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù kẹta

Èèrà fi fọ́tò ránṣẹ́: fìlà oyè, aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín. Mi ò dá a lóhùn. Mo ṣáà fi han obìnrin tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù kẹta

Ẹ̀bi bàbá wọn ni, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Pátákó ìpolówó ló ń kọ kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sẹ́ni tó ń ṣahun ọ̀dà tó o. Ó ní àpótí onírin kan láti ìgbà tó wà níléèwé, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ O ràgàjì kan sára rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ìdílé wa. Ó ní ọmọ tó bá máa lo àpótí òun gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ tó bá a mu. Ìyá rẹ̀ ló wá fún obìnrin wa lórúkọ tó fi Ọ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó tó ilé-ìwé lọ, ọmọ náà kọ̀, ó ní lẹ́tà yẹn kì í ṣe tòun. Bàbá rẹ̀ kán àmì kan sábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Nígbà tó kan Oorun, ó mú abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ha àmì náà kúrò. Afárá dúró ń wò ó.

Mo rán bàbá wọn létí lónìí. Ó ní, "Ìyá wọn, àmì tí kò tó orí èékánná ni. Báwo ló ṣe máa dìjà?" Ó ń wá gíláàsì ojú rẹ̀ kiri. Orí rẹ̀ ló wà.

Ọjọ́rú, 12 oṣù kẹta

Wọ́n ti gbé igi dábùú afárá ẹ̀yìn ibùdókọ̀ wa. Ó sán, ọwọ́ mi wọ inú rẹ̀. Lọ́rì ò gbọdọ̀ kọjá mọ́. Bàbá wọn ṣì ń gbabẹ̀ lọ ka ìwé ìròyìn tí kì í rà. Mo ní kó máa gba ọ̀nà yípo. "Lọ́rì ni wọ́n ní kó má kọjá. Ṣé mo jọ lọ́rì ni?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù kẹta

Èèrà pè, ohùn ẹ̀ tín-ín-rín. Káńsù ìlú wa kọ̀wé sí i — sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó mọ̀ nípa afárá. Kó wá wò ó, kó fọwọ́ sí i bóyá lọ́rì lè kọjá.

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Mo bi í pé èèrà mélòó ló lè gba orí afárá náà kọjá lẹ́ẹ̀kan náà.

"Màámi, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Ẹ bá mi pe àbúrò mi, fóònù rẹ̀ kì í dún."

Mo ní ó ti yé mi pé kì í dún. Mo ní kó kọ̀wé sí káńsù pé òun kọ́. Ó ní wọ́n á bi òun pé ta wá ni nígbà náà.

Ọmọ mi ní ẹ̀rí ọkàn o. Ó kàn jẹ́ pé káńsù ló máa ń jí i.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù kẹta

Igi tí wọ́n gbé dábùú afárá ti pòórá. Ẹnì kan ti jí i gbé.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù kẹta

Èèrà wọlé wá, kò sí aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Orí àpótí onírin yẹn ló jókòó sí, orúnkún ẹ̀ kan àgbọ̀n. Káńsù ti tún kọ̀wé: tí wọn ò bá gbúròó rẹ̀ títí di Ajé, wọ́n á gbà pé kò sí ewu, wọ́n á jẹ́ kí lọ́rì máa kọjá.

Bàbá rẹ̀ ní kó fọwọ́ sí i jàre, òun ń gbabẹ̀ lójoojúmọ́, kò ṣe òun ní nǹkan kan. Èèrà fọwọ́ bojú.

Mo bi í, "Àwọn iṣẹ́ afárá tó o ní wọn ò bi ọ́ nípa wọn yẹn, ṣé o tiẹ̀ ti kà wọ́n rí?"

Ó ní òun ti ka ojú ìwé àkọ́kọ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ó ní kí n kó aṣọ kúrò lórí tábìlì. Ó kọ̀wé sí yunifásítì rẹ̀ lójú mi: èèrà nìkan ni tòun, obìnrin tó tẹ̀ lé òun ló ni afárá, àbíkẹ́yìn ló ni oorun. Ó kọ ti káńsù tẹ̀ lé e. Ó wá àmì abẹ́ Ọ lórí fóònù títí ó fi rí i. Mi ò yìn ín. Mo bu oúnjẹ fún un, ìyẹn náà ti tó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù kẹta

Oorun pè láàárọ̀, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Èèrà kọ́ ni káńsù kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Afárá ni. Ó dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló ni àwọn iṣẹ́ yẹn gẹ́gẹ́ bí gbogbo ayé ṣe mọ̀, àdírẹ́sì rẹ̀ nìyí.

Mi ò tíì sọ fún Èèrà. Ó ń fọ abọ́ lọ́wọ́. Inú mi dùn, ojú sì ń tì mí. Ṣùgbọ́n ṣé Afárá wo afárá yẹn kó tó fi ṣeré? Mo fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ síbí:

Ọmọ mi, Ọ tó ní àmì lábẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti dá iṣẹ́ rẹ padà fún ọ, ó ṣojú mi. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n gba oyè rẹ̀. Ó mọ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Mo ti gbọ́ ohun tí ìwọ náà ṣe, a máa sọ ìyẹn tó o bá dé. Káńsù lè retí rẹ di Ajé. Èmi ò lè retí tó bẹ́ẹ̀. Ṣé afárá yẹn lè gba bàbá arúgbó kan tí kì í gbọ́ràn? Ó ti wọ bàtà. Tètè dá mi lóhùn.