Àwo Tó Kan Ilẹ̀ ní Sibang

Bàbá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Mo mọ̀ pé ìkíni yìí á pa yín lẹ́rìn-ín, torí ọjọ́ mẹ́ta ọ̀hún ti di oṣù mẹ́wàá. Ṣọ́ọ̀bù abọ́ yín ní àdúgbò Derrière la Prison, níbí ní Gabon, ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, lórí àga yín tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀, oníbàárà kankan ò yà. Màmá ti lọ gbé ẹrù tuntun. Ẹ má wo àṣìṣe ọwọ́ mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní kíkọ Yorùbá lẹ́yìn páálí tí wọ́n fi ń di abọ́ wá, àmọ́ Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi ní gbogbo nǹkan yòókù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹ̀rù tó bà mí: mo purọ́ fún yín lọ́dọ̀ dókítà. Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan, títí kan Màmá. Mo rò pé mo lè gbé e mì. Àmọ́ eré ọmọrí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kó há mi lọ́fun.

Ẹ rántí pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní eré ọmọrí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú àwo rọ́bà pẹlẹbẹ náà wálé, ẹ yí i síwá sẹ́yìn, ẹ fi èékánná kàn án, ẹ ní irú ọmọrí wo nìyí tí kò ní korobá. Mo ṣàlàyé fún yín pé ẹni méje níhìn-ín, ẹni méje lọ́hùn-ún, tọkùnrin tobìnrin, àá máa ju àwo síra wa títí ẹnì kan á fi hán an ní ìkángun pápá. Bó bá kan ilẹ̀, ó ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ nìyẹn, ó di ti ẹgbẹ́ kejì. Ẹ ní ṣebí ohun tí mo ti ń fi ọmọrí yín ṣe láti kékeré náà ni, tí mo máa ń jù wọ́n láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù dé ìdí ògiri, tí ẹ óò wá máa ka iye tó sán. Lẹ́yìn náà lẹ béèrè pé ta ni rẹfirí. Mo ní kò sí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn ló máa fẹnu ara rẹ̀ sọ bó ṣe rí, bó tiẹ̀ máa pa ẹgbẹ́ rẹ̀ lára. Ẹ bọ́ awò ojú yín, ẹ nù ún.

"Áà," ẹ ní. "Ẹnu yín náà ni kóòtù yín."

Láti ọjọ́ náà lọ, ẹ ò fi eré náà ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Tí mo bá dé lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lórúnkún, ẹ kì í béèrè bóyá a borí. Ṣé mo sọ òótọ́, ìyẹn lẹ máa ń bi mí. Mo mọ ìdí tó fi dùn mọ́ yín. Kò sẹ́ni tó ra ọpọ́n rọ́bà lọ́wọ́ yín rí tí ẹ ò kọ́kọ́ da omi sí i lójú rẹ̀. Màmá a máa bínú, á ní ẹ̀ ń lé oníbàárà. Ẹ̀yin á ní ọpọ́n tó máa jò á jò nílé wọn náà, ó kúkú sàn kó jò níbí.

Ìdíje tọdún yìí wáyé ní Sátidé àti Sọ́ńdè tó kọjá, lórí pápá ilé-ìwé kan ní Sibang. Ẹgbẹ́ mẹ́rin la jẹ́. Ẹ mọ̀ wá, a ò gba nǹkan kan rí. Mireille ṣì ni olórí wa, obìnrin tó ń dirun ní àdúgbò Venez-Voir, tí ẹ fún ní korobá kékeré lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tó bímọ. Ghislain onítakisí ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ tí kì í sinmi. Ẹgbẹ́ tó bá borí lọ́dún yìí ló máa lọ bá àwọn ará Cameroon díje ní Douala. Mireille ò kọjá ẹnu bodè Gabon rí láyé rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún, ó sì ti sọ fún gbogbo wa pé ọdún yìí lòun ń ṣe kẹ́yìn. Nítorí rẹ̀ la ṣe ń sáré kiri nínú òjò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

Lọ́jọ́ Sátidé, a fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan, a borí lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn sì tó láti gbé wa dé àṣekágbá. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àwọn ará Port-Gentil la bá pàdé, àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Nígbà tó yá, a ti jẹ àmì méjìlá, àwọn náà ti jẹ méjìlá. Ẹyọ kan ló kù kí ẹgbẹ́ kan borí. Mireille ló ju àwo náà. Ó jù ú jìnnà lọ sí ìkángun pápá, atẹ́gùn òjò sì gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo sáré tẹ̀lé e, mo fò, mo fàyà lulẹ̀, àwo sì wà lábẹ́ mi. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń fò sókè. Àmọ́ ìka mi mọ ohun tó mọ̀. Etí àwo ti kan koríko kí ọwọ́ mi tó dé abẹ́ rẹ̀. Díẹ̀ báyìí ni. Ara mi ló bò ó, kò sẹ́ni tó rí i.

Ọmọkùnrin Port-Gentil tó ń lé mi bọ̀ kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò bínú. Ó kàn bi mí jẹ́jẹ́ bóyá ó kan ilẹ̀ àbí kò kan ilẹ̀. Gbogbo èrò pápá bá ń wo ẹnu mi. Bàbá, ẹ̀yin náà wo ẹnu mi báyẹn lẹ́ẹ̀kan.

Mo ní ó kan ilẹ̀.

Ìyẹn ló parí ẹ̀. Àwọn ará Port-Gentil gba àwo, wọ́n jù ú lẹ́ẹ̀mẹrin péré, wọ́n jẹ ẹyọ tó kù. Mireille jókòó sórí koríko, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rẹ̀. Kò bú mi. Ó ní kò burú, bí òfin ṣe wí nìyẹn, àmọ́ kò wojú mi mọ́ títí a fi wọ takisí. Ghislain ni kò lè pa á mọ́ra. Ó bi mí pé ta ni mo rí tó ń wò mí tí mi ò fi lè pa ẹnu mi dé. Ṣé kí n sọ pé ẹ̀yin ni?

Ohun tó wá dùn mí jù ni èyí. Nígbà tí wọ́n ń pín ẹ̀bùn, àwọn ará Port-Gentil fún mi ní àwo funfun kan tí gbogbo wọn ti kọ orúkọ sí. Ọkùnrin tó ṣètò ìdíje náà gba maikirofóònù, ó ní irú èmi yìí ni kò jẹ́ kí eré yìí bàjẹ́, ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo gbá àwo náà mọ́ ikùn, mo bú sẹ́kún. Wọ́n rò pé ẹkún pé a ò borí ni mò ń sun. Màmá ti gba àwo ọ̀hún báyìí, òun ló fi bo ìkòkò omi. Gbogbo oníbàárà ló ń fi hàn, á ní ẹ wo ọmọ bàbá rẹ̀, kò lè purọ́. Mo máa ń bọ́ sí ẹ̀yìn ilé tó bá ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ̀yin àti èmi nìkan la lọ, torí ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró ti ṣọ́ọ̀bù, èmi sì ni mo gbọ́ Faransé ilé-ìwé. Èmi náà ni mo máa ń bá yín sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ́fíìsì láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Dókítà náà ò tíì dàgbà. Èmi ló kọjú sí, ó rọra ń sọ̀rọ̀ kí n lè gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ gbé fìlà lé itan, ẹ ń wo ẹnu rẹ̀. Faransé ọjà lẹ gbọ́, tirẹ̀ kọjá ti ọjà. Nígbà tó parí, ó ní kí n sọ fún yín, kí n má fi nǹkan kan pa mọ́. Ẹ wá yíjú sí mi.

"Kí ló wí?"

Ẹsẹ̀ yín ni mo ń wò. Ó ti wú, ó ń dán nínú sálúbàtà. Mo ní ó ní kí ẹ máa lo oògùn, kí ẹ sì sinmi, pé ara yín á yá. Ẹ ní Alhamdulillahi. Ẹ dìde, ẹ fọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ dókítà mú, ẹ ń sọ pé merci, merci, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó wò yín, ó wò mí, ó fọwọ́ gbá yín léjìká díẹ̀díẹ̀. Ó rò pé akọni ọkùnrin lòun rí. Mo rí i lójú rẹ̀, mo sì mú yín jáde.

Báágì yín ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà náà. Ẹ ti sọ fún wa pé bí dókítà bá ní kò dáa, ilé lẹ̀ ń lọ, Ìsẹ́yìn, kí ẹ lọ sùn nínú ilé tí ẹ fi ogún ọdún kọ́ láti ibí yìí tí ẹ ò sùn sí rí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ ní kí n fa báágì jáde, kí n kó ẹrù inú rẹ̀ padà, ẹ ní níwọ̀n ìgbà tí ara ti fẹ́ yá, ó di ẹ̀yìn Iléyá, kí ẹ kúkú lọ pẹ̀lú ẹ̀bùn lọ́wọ́. Èmi ni mo kó o jáde, lọ́kọ̀ọ̀kan. Aṣọ ibùsùn tí ẹ rà fún yàrá yín nínú ilé náà ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Mo fọwọ́ mi gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí ẹ fi jáde láyé. Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì la ti sin yín síbí, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí, kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ̀rọ̀ pé ká gbé òkú rìnrìn àjò. Ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ní Ìsẹ́yìn ò gbà á gbọ́ lórí fóònù. Ó ní ṣebí wọ́n ní dókítà ní ara yín ń yá. Ó ṣì ń gbá yàrá yẹn ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ títí di báyìí.

Kí ló dé tí mo fi ṣe é? Mo ti bi ara mi títí. Nígbà míì mo máa ń sọ pé àánú ni, pé mi ò lè wo ojú yín kí n sì sọ ọ́. Nígbà míì mo máa ń sọ pé ẹ̀rù ni, torí bí ẹ bá lọ, Màmá á bá yín lọ, ó sì máa ku èmi nìkan nílùú yìí. Èyí tó burú jù ni pé ìdíje ti ọdún tó kọjá ku ọ̀sẹ̀ méjì lọ́jọ́ náà, ó sì wá sí mi lọ́kàn, níbẹ̀, lọ́dọ̀ dókítà. Mo lọ síbi ìdíje ọ̀hún. Mo dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lórúnkún. Ẹ jókòó sórí àga yìí, ẹsẹ̀ yín wà lórí korobá tí ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ bi mí bóyá mo sọ òótọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.

Ẹ máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ tó ogún oṣù. Àmọ́ kí ni àǹfààní rẹ̀ fún yín? Mo sọ òótọ́ fún ọmọ Port-Gentil tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, nítorí ọmọrí, mo sì fi Douala du Mireille. Ẹ̀yin tí ẹ bí mi, mo fi ilé yín dù yín.

Òjò ti ń dá. Màmá á dé láìpẹ́, mo sì ti pinnu pé bó bá ti sọ ẹrù kalẹ̀, mo máa sọ fún un. Ó ṣeé ṣe kó má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ṣeé ṣe kó gbé àwo funfun yẹn kúrò lórí ìkòkò. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ béèrè, ẹ̀yin lẹ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́.

Ohun tí dókítà wí nìyí, Bàbá. Ó ní ọkàn yín ti rẹ̀ gan-an. Ó ní oògùn á ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ kò lè wò yín sàn. Ó ní oṣù díẹ̀ ló kù. Ó ní bí ẹ bá ní ilé tí ẹ fẹ́ dé, tàbí ẹni tí ẹ fẹ́ rí, kí ẹ tètè lọ báyìí, nígbà tí ẹ ṣì lè jókòó nínú bàálù. Ó wá ní kí n sọ fún yín pé ó dun òun.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ẹ fi ṣe ẹnu.