Ìkọlù Tí Wọ́n Ń Pàtẹ́wọ́ Fún

Òtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́bàá títì,
Ìparí oṣù Kọkànlá.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ọ̀wọ́n, Bàbá Alcide,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́, mo sì kí Àǹtí Clotilde. Mo lérò pé ara yín le, pé orúnkún yín kò dà yín láàmú jù nínú ìkórè ìrèké ọdún yìí. Ara tèmi náà le, kò sí egungun mi kankan tó kán. Inú mi ni kò dára.

Mo rí lẹ́tà yín gbà, mo sì rí fọ́tò tí ẹ fi sínú rẹ̀. Ẹ ní gbogbo ìlú ló dáwọ́ jọ láti ya àwòrán mi sára ògiri ṣọ́ọ̀bù Gaspard onígbàjámọ̀, pé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yóò fun fèrè lọ́jọ́ tí mo bá wá ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Mo wo fọ́tò náà lẹ́ẹ̀kan, mo dà á dojú bolẹ̀ lórí tábìlì. Èmi ni mo dúró níbẹ̀ tí apá mi wà lókè, tí ọkùnrin kan sì nà gbalaja lẹ́sẹ̀ mi. Bàbá, ó rí mi lára. N kò ní wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Gaspard kó fi ọ̀dà kun gbogbo rẹ̀ kí Kérésìmesì tó dé. Kí ẹ má baà rò pé ìgbéraga ló ń yọ mí lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbé yìí, bí a ṣe ń mú ẹni tó gbé e sáré lulẹ̀, lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ṣúgà, nígbà tí gbogbo ẹsẹ̀ mi ò tíì ju àtẹ́lẹwọ́ yín lọ.

Ẹ rántí bí inú wa ṣe dùn nígbà tí ẹgbẹ́ ńlá yìí mú mi. Ohun tí n kò sọ fún yín ni bí wọ́n ṣe yẹ̀ wá wò. Wọ́n ní ká bọ́ra ku ṣòkòtò pénpé, ká tò sórí pèpéle. Àwọn ọkùnrin tó wọ kóòtù ń tẹ itan wa, wọ́n ń wọn àtẹ́lẹwọ́ wa, wọ́n ní kí n yí ẹ̀yìn sí wọn. Ọ̀kan nínú wọn tẹ ẹ̀yìn ọrùn mi, ó sọ fún èkejì pé, “Èyí máa pẹ́ díẹ̀ kó tó bàjẹ́.” Ojú mi ló ti sọ ọ́, bí ẹni pé n kò gbọ́ èdè. Ìka rẹ̀ tutù, ó sì ń rùn sìgá. Nígbà tí mo ráhùn fún Ozell Tramble, àgbà nínú àwa tí à ń dènà, ẹ̀rín ló fi mí rín. Ó ní, “Àbúrò, ṣé o rò pé orúkọ ẹ ni wọ́n wá bi ẹ́ ni?”

Nígbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀, orí bẹ́ǹṣì ni mo ń jókòó. Ẹnì kan fara pa, wọ́n wá ní kí n wọlé. Ọjọ́ yẹn ni mo pàdé Emmett Sayles, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kejì ni kó máa sáré lọ gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù sí i. Ó fò sókè, ojú rẹ̀ wà lára bọ́ọ̀lù, kò rí mi. Èjìká ni mo fi bá a láyà bí ẹ ṣe kọ́ mi. Kò lòdì sófin, rẹfirí ò sì fọn fèrè. Ṣùgbọ́n orí ló fi balẹ̀. Bàbá, apá rẹ̀ méjèèjì gan sókè, ìka rẹ̀ ń wá nǹkan dìmú nínú afẹ́fẹ́. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì wo ibì kankan. Gbogbo pápá ìṣeré bú sí ariwo ayọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bẹ́ mọ́ mi. Apá mi tí ẹ rí lókè nínú àwòrán yẹn, Ozell ló gbé e sókè. Dókítà ni èmi ń fojú wá kiri.

Lọ́jọ́ kejì, Brandt Kessler, akọ́nimọ̀ọ́gbá àwa tí à ń dènà, pè wá jọ ká wo fíìmù ìdíje náà. Wọ́n ti gbé apá adìyẹ díndín wá, awo ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ó gbé ìkọlù náà sára ògiri, ó dá a padà, ó tún gbé e. Ó mú kó falẹ̀ ká lè rí bí ọrùn Emmett ṣe tẹ̀ sẹ́yìn. Bí orí náà bá ti balẹ̀, ẹnì kan á fẹnu dún bí agogo. Òróró ń dán ní ètè Kessler. Ó nawọ́ sí ògiri, ó ní, “Ẹ wo ọwọ́ ẹ̀. Ṣé eṣinṣin ló ń lé ni?” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí àwọn kan fi ń nu omijé. Wọ́n ní kí n dìde kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo dìde lóòótọ́, ilé ìtọ̀ ni mo gbà lọ, mo sì bi gbogbo ohun tó wà ní ikùn mi. Kó tó di ìparí ọ̀sẹ̀, wọ́n ti ń ta ẹ̀wù tí wọ́n ya ọwọ́ gígan méjì sí láyà lẹ́nu ọ̀nà pápá. Ìyá kan wọ̀ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ jòjòló, ó yí i lẹ́yìn padà, ó ní kí n kọ orúkọ mi síbẹ̀. Títí di òní, n kò lè gbóòórùn apá adìyẹ.

Oṣù yìí ni ọ̀rọ̀ náà wá bẹ́. A fẹ́ bá ẹgbẹ́ kan pàdé tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé láti ibi tó ti fi orí ṣèṣe. Kessler ní, “Orí ẹ̀ ò tíì jinná. Orí yẹn ni kẹ́ ẹ lọ bá.” Ó wá kọjú sí mi. “Theron, mo tún fẹ́ rí ọwọ́ tó ń lé eṣinṣin.” Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

Lórí pápá, mo já wọlé dé ẹ̀yìn ọmọkùnrin náà. Kò rí mi rárá. Mo gbá a mú níbàdí, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹni tẹ́ ọmọ sórí ẹní. Kó tó balẹ̀, ó ti ju bọ́ọ̀lù náà, ẹnìkejì rẹ̀ gbà á, wọ́n sì borí wa. Nínú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, Kessler dúró sí iwájú mi lójú gbogbo wọn, ó ní, “Ṣé o fẹ́ fẹ́ ẹ ni?” Ẹ̀rín tún sọ. Mo ní, “Mo mú un lulẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ gbà mí fún nìyẹn.” Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti kó bàtà mi àti àṣíborí mi sínú àpò ìdọ̀tí dúdú, wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Ozell ń wo okùn bàtà rẹ̀. Ó ní, “Máa lọ ní tìẹ. Èmi ti bímọ.” N kò tíì sọ fún màmá mi pé wọ́n ti lé mi. Ẹ bá mi fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ fún wọn.

Dípò kí n wá sílé, ìlú Emmett ni mo wakọ̀ lọ. Noreen ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó dá mi mọ̀. Ó dúró bí ẹni tó fẹ́ ti ilẹ̀kùn padà, lẹ́yìn náà ó ní, “Bọ́ bàtà ẹ. Ariwo ń dà á láàmú.” Wọ́n ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dí fèrèsé nítorí ìmọ́lẹ̀. Emmett jókòó, Noreen ń fi ṣíbí bu ọbẹ̀ sí i lẹ́nu. Ó máa ń gbàgbé láti gbé e mì, ọbẹ̀ á wá máa ṣàn gba àgbọ̀n rẹ̀. Kò bínú sí mi. Mo sọ orúkọ mi, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, láìpẹ́ ó tún bi mí lórúkọ. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ mọ́ díẹ̀. Ó fà mọ́ mi bí ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí, ó ní, “Ṣé mo mú bọ́ọ̀lù náà?”

Bàbá, bọ́ọ̀lù náà ti já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó balẹ̀. Mo dáhùn pé, “O mú un.” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní, “Ṣé mo sọ fún ẹ.” Noreen gbé abọ́ ọbẹ̀ wọ kíṣìnnì. Mo gbọ́ bí omi ẹ̀rọ ṣe ń dà títí, n kò gbọ́ kó fọ abọ́ kankan.

Kí Ọlọ́run da òjò dúró fún yín títí ìrèké yóò fi wọlé tán, kó tu yín lára ní orúnkún, kó sì pa Àǹtí mọ́ fún yín. Kí gbogbo wa fojú kan ara wa láìpẹ́, kí orí kálukú wa sì pé.

Èmi ni ọmọ àbúrò yín, tó ń bọ̀wọ̀ fún yín nígbà gbogbo,
Theron.

Mo tún rántí: Ẹgbẹ́ kan ní ìhà ìwọ̀ oòrùn pè mí láàárọ̀ yìí. Ọkùnrin náà kò kí mi tán tó fi béèrè bóyá mo ṣì lè kọlu èèyàn bíi ti Sayles. Mo ní mo lè mú èèyàn lulẹ̀. Ó ní òun á tún pè mí.