Ó Ń Gbìyànjú

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀, ó ti ń rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ojú tèmi ni kò gbóògùn. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ rí ìlà tí mo bá fi pẹ́ńsù fà sórí pákó mọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin sọ fún mi pé wọn ò gbà ọ́ síṣẹ́ káfíńtà yẹn lọ́hùn-ún. Èmi ni mo bà á jẹ́.

Nígbà tí wọ́n pè mí lórí fóònù, torí pé èmi ni ọ̀gá tí o bá ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá, wọ́n bi mí bóyá o mọṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọn fún mi. Mo ní, "Ó ń gbìyànjú." Ó fẹsẹ̀ gbá mi lábẹ́ tábìlì, mo sì jágbe mọ́ ọn. Bàbá wo ló ń yin ọmọ rẹ̀ lójú àlejò? Mo rò pé wọ́n á mọ̀ pé ìyìn nìyẹn.

Ó dùn mí dọ́kàn. Ní gbogbo ọdún mọ́kànlá yẹn, ohun kan náà ni ìwọ fúnra rẹ gbọ́ lẹ́nu mi.

Àga tí mo jókòó lé kọ ìwé yìí, ìwọ lo kàn án. Títí dòní, kò mì. Ọwọ́ rẹ dára ju tèmi lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀.

Jọ̀wọ́, ní kí wọ́n tún pè mí. Ọlọ́run á lànà fún ọ. Bí wọn ò bá tilẹ̀ pè mọ́, ìwọ ti gbọ́.

Bàbá rẹ ni.