Ìlú Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà Yín

Sí àbígbẹ̀yìn mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Bí o ṣe ń jáde láàárọ̀, ayọ̀ ni wàá máa bá wọlé. Orúnkún bàbá rẹ ti rọlẹ̀ díẹ̀, ẹnu wọn ni ò tíì rọlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ tó o ṣàlàyé lórí fóònù kò jẹ́ kí n gbádùn. O ní ẹ kọ́ ìlú kan sínú kọ̀ǹpútà, ó nílé, ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní ilé ìwòsàn, ẹ wá ń pa iná wọn wò ládùúgbò-ládùúgbò, kí ìjọba lè mọ bí a ó ṣe máa ṣọ́ iná lò. Ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà, ni mo fi bi ọ́ pé kí làwọn ará ibẹ̀ ṣe fún yín, o wá bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n o. Bí ẹ bá fẹ́ pa iná wọn, ẹ máa sọ fún wọn ṣáájú, kí ẹni tó ń lọ aṣọ lè tètè parí ẹ̀.

Mo ti ń fi wọ́n sínú àdúrà. Bàbá rẹ ní irú èèyàn wo ló ń gbàdúrà fún àwọn tí kò sí. Mo ní bí wọn ò bá sí, ta ló ń lo iná tí ọmọ wa ń tìtorí ẹ̀ gbowó oṣù?

Lánàá, oníná àdúgbò wa tá à ń pè ní Má-fọwọ́-kàn-án wá tún sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe, ó wá rí gílóòbù yàrá rẹ tó ń tàn lọ́sàn-án gangan. Ó ní kọ̀ǹpútà yín ti sọ fún ìjọba pé yàrá tí kò bá ti sí èèyàn níbẹ̀, ìfiṣòfò ni iná ibẹ̀, wọn ò sì ní gbà á mọ́. Bàbá rẹ sáré dìde, wọ́n pa á. Mo tàn án. Wọ́n tún pa á. Mo tún tàn án. Bá a ṣe wà nìyẹn.

Mi ò bá ìjọba jà o. Mo ti pa ti pálọ̀, mo ti pa ti ẹ̀yìnkùlé, inú òkùnkùn ni mo ti ń fọ abọ́, mo sì ti fọ́ méjì. Àmọ́ láti ọjọ́ tó o ti lọ ni tìrẹ ti ń tàn, kó o má baà dé lálẹ́ kó o máa fẹsẹ̀ kọ. Àárò rẹ ń sọ mí. Jọ̀ọ́, fún mi nílé kan nínú ìlú yẹn, kó o fi tó kọ̀ǹpútà létí pé yàrá náà kò ṣófo, ẹni tó ni ín ló pẹ́ lọ́nà.

Owó iná ti fẹ́ tán nínú mítà. Bàbá rẹ ní kó o ti orí fóònù fi owó ránṣẹ́. Èmi ní rárá, ọwọ́ ara rẹ ni kó o fi gbé e wá. Òkùnkùn ò ní ká ọ mọ́ ojú ọ̀nà. Bó o bá sì ti wọlé, ìwọ fúnra rẹ ni kó o pa gílóòbù náà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.