Ọ̀rọ̀ Tí Wọn Kò Gbọ́ Lẹ́nu Mi Níwájú Òkú Bàbá

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Mo kí yín lórí ìdọ̀bálẹ̀, bí mo tilẹ̀ wà níbi tí ọwọ́ yín kò ti lè tó mi láti ní kí n dìde. Ẹ kú àráfẹ́rakù Bàbá. Ẹ kú ìjókòó opó, tákàbá tí ẹ wà nínú rẹ̀. Ráfíù àbúrò mi, mo kí ọ, ìwọ tí o ṣe iṣẹ́ èmi àkọ́bí mọ́ tìrẹ. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí síta, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan gbogbo ilé tó ní ọmọ lẹ́yìn odi, láti Ṣàrẹ́ títí dé Ọ̀mù-Àrán.

Ilé iṣẹ́ tí a ti ń gé ẹja ni mo ṣì wà ní Kánádà níbí. Yìnyín ti bo ilẹ̀. Omi tí a fi ń ṣan ẹja tutù débi pé bí mo bá délé, ó máa ń pẹ́ kí ìka mi tó lè di ṣíbí mú. Owó ń wọlé díẹ̀díẹ̀, mo sì ń fi èyí tí mo bá rí ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ Bàbá níbí. Nígbà tí mo sọ fún ọ̀gá wa pé bàbá mi kú, àánú mi ṣe é, ó béèrè ọjọ́ tí ìsìnkú yóò jẹ́. Mo ní wọ́n ti sin ín. Ó wò mí bíi pé mo parọ́. Kò mọ̀ pé láàrin àwa Mùsùlùmí, òkú àárọ̀ kì í rí ìrọ̀lẹ́ lókè eèpẹ̀.

Ẹ mọ ohun tó yẹ kí n ṣe lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n tó kírun sí òkú lára, àkọ́bí ní í dìde láàrin èrò, tí yóò bẹ̀ wọ́n pé ẹnikẹ́ni tí bàbá òun bá ṣẹ̀, kí ó forí jì í nítorí Ọlọ́run. Ráfíù ní òun yóò fi ìpè orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí a fi ń rí ara wa pè mí, kí òun gbé fóònù sí ẹnu ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo dé fìlà, mo dúró nínú yàrá mi.

Mo sọ ọ́, Ìyá mi. Mo sọ ọ́ tán pátápátá. Ráfíù ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé “ẹ̀yin èèyàn” nìkan ni wọ́n gbọ́, tí ohùn mi sì gé. Wọ́n tún pè mí, ó tún gé. Lémọ́ọ̀mù ní òkú kì í dúró de ẹ̀rọ, Ráfíù wá bẹ àwọn èèyàn fúnra rẹ̀. Gbogbo wọn dáhùn pé àwọn ti forí jì í, àfi Bàbá Jímọ̀, ọ̀rẹ́ Bàbá, tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti jà nítorí igi kajú tó wà ní ààlà oko. Ó ní ẹnu àkọ́bí lòun wá gbọ́, òun kì í bá àbúrò rojọ́. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ.

Mo kọ́kọ́ rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dára. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àna wa kan fi fóònù kan náà àti dátà kan náà wo bọ́ọ̀lù nínú àgbàlá wa, kò gé rárá. Inú bí Ráfíù, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ilé-iṣẹ́ tó ta dátà náà. Ọmọbìnrin tó bá níbẹ̀ fi sùúrù ṣàlàyé fún un pé àwọn ló ni ìkànnì bọ́ọ̀lù yẹn, ìkànnì náà ni wọ́n ṣe dátà olówó pọ́ọ́kú náà fún. Ìpè tí kì í ṣe tàwọn á máa lọ́ra lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ètò rẹ̀. Ráfíù ní kó jọ̀ọ́, ká ní agbábọ́ọ̀lù ni bàbá òun, ṣé à bá ti gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀? Ọmọbìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò mọ òfin kankan tó ní kí àwọn má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi, ẹ wò ó báyìí. Ká ní ẹ gbé ata lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ tó ń lọ ata, ẹ san iye tí gbogbo èèyàn ń san. Ó lọ ti ìyàwó rẹ̀ kúnná, ó fi tiyín sílẹ̀ nínú oòrùn. Ẹ ò ní gbà. Dátà tí a bá ti rà, tiwa ni. Kò yẹ kí ẹni tó tà á máa yan èyí tí yóò yára àti èyí tí yóò máa wọ́.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ gbogbo yín. Ẹ kọ̀wé sí aṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ábújá, kí ẹ jọ fọwọ́ sí i. Ẹ pè é. Ẹ lọ bá a nígbà tó bá wálé ọdún. Ẹ ní kí wọ́n ṣe òfin tí kò ní jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ fóònù ṣí ọ̀nà fún ìkànnì kan kó sì fa òmíràn sẹ́yìn. Tó bá ní kànga ẹ̀rọ lòun fẹ́ gbẹ́ fún wa, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì tún ọ̀rọ̀ yìí sọ. Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ni. Ẹ sọ ti Bàbá fún un.

Ráfíù, ilé Bàbá Jímọ̀ ni kí o kọ́kọ́ gbé ìwé náà lọ. Má bá a jà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo wà ní Jẹ́dà nílẹ̀ Sáúdí, irú dátà yẹn náà ni wọ́n sì fi ń gbóhùn ara wọn. Sọ fún un pé mo ní kó bá wa fọwọ́ sí i, kí ọmọ náà má baà dá sọ̀rọ̀ sínú yàrá bíi tèmi lọ́jọ́ tí ti bàbá rẹ̀ bá dé. Ti Bàbá ńkọ́, èmi Sálíù àkọ́bí ni mò ń sọ ọ́ níbí yìí: kí ó forí jì í nítorí Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà, kí o na kálámù sí i.

Ìyá mi, Ọlọ́run yóò fi àlùjánnà kẹ́ Bàbá, yóò sì dá yín sí fún wa. Ẹ bá mi kí ará ilé àti ará mọ́ṣáláṣí. Ẹ bá mi kí àwọn tó gbẹ́ sàréè Bàbá. Ẹ ní kí ọ̀kan nínú wọn rántí ojú sàréè náà dè mí, kí ó lè fi hàn mí bí mo bá dé.

Èmi ni ọmọ yín,
Sálíù